Kíláàsì méjì, orílẹ̀-èdè méjì: kí ni pàṣípààrọ̀ ẹ̀kọ́ lórí fídíò?

Láti ọdún 2020 tí àrùn Kòrónà ti ilé ẹ̀kọ́ pa káàkiri ayé, àwọn fásitì ò yé kéde pé àwọn ti ní "pàṣípààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì" pẹ̀lú fásitì kan lókè òkun. Òbí á ka ìkéde náà, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè: ṣé ọmọ mi ń rìnrìn àjò ni? Ṣé á gba físà? Ṣé ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ òkè òkun ni wọ́n máa fún un? Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti forúkọ sílẹ̀ pàápàá lè jókòó síwájú kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó rí ojú ogún èèyàn tí kò mọ̀ rí, kó má sì mọ ohun tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ òun.

Ohun tó fa ìdàrúdàpọ̀ yìí ò ṣòroó rí. Orúkọ kan náà ni wọ́n fi ń pe nǹkan bíi márùn-ún tó yàtọ̀ síra pátápátá, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ló sì jẹ́ pàṣípààrọ̀ ní tòótọ́. Èyí tó jẹ́ tòótọ́ yẹn níye lórí gan-an lójú mi, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ká yọ ọ́ sọ́tọ̀ kúrò láàárín àwọn tó kù.

Kí là ń pè ní pàṣípààrọ̀ lórí fídíò?

Kíláàsì kan wà ní orílẹ̀-èdè kan, òmíràn wà ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Kíláàsì kọ̀ọ̀kan ní olùkọ́ tirẹ̀ àti ètò ẹ̀kọ́ tirẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan sì ń sanwó fún fásitì tirẹ̀ bó ṣe ń san án tẹ́lẹ̀. Àwọn olùkọ́ méjèèjì á wá fẹnu kò pé fún ọ̀sẹ̀ bíi márùn-ún sí mẹ́jọ nínú sáà ẹ̀kọ́ náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àwọn á jọ ṣe iṣẹ́ kan. Wọ́n á pín wọn sí ẹgbẹ́ kéékèèké, ẹni méjì tàbí mẹ́ta láti ìhín, ẹni méjì tàbí mẹ́ta láti ọ̀hún. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á máa pàdé lórí fídíò, wọ́n á máa kọ̀wé síra wọn láàárín ìpàdé kan sí èkejì, nígbà tó bá sì di ìparí, wọ́n á jọ fi iṣẹ́ kan ṣoṣo sílẹ̀ tí olùkọ́ á fún ní máàkì.

Ẹnikẹ́ni ò wọ ọkọ̀ òfurufú. Ẹnikẹ́ni ò nílò físà. Ìwé ẹ̀rí tí akẹ́kọ̀ọ́ máa gbà nígbà tó bá jáde, ti fásitì tirẹ̀ náà ni.

Lédè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ó rí i tí wọ́n ń pè é ní virtual exchange. Níbi tó bá ti jẹ́ pé olùkọ́ méjì ló so kíláàsì wọn pọ̀ bí mo ṣe ṣàlàyé yìí, lẹ́tà mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń lò, COIL, ìyẹn Collaborative Online International Learning. Bí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú méjèèjì nínú ìwé ìkéde, ó yẹ kó jẹ́ ohun tí à ń sọ yìí.

Kí ló jọ ọ́ tí kì í ṣe òun?

Kíkàwé gboyè lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní fásitì òkè òkun kì í ṣe pàṣípààrọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ fásitì yẹn lẹ jẹ́, wọ́n sì ń kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn tó kù. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ti ká sílẹ̀ sórí fídíò, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ń wò nígbà tó bá wù wọ́n, kì í ṣe pàṣípààrọ̀. Bí ọ̀jọ̀gbọ́n kan bá ti òkè òkun bá kíláàsì yín sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan, ohun tó dára ni, àmọ́ àlejò olùkọ́ nìyẹn. Ẹ̀kọ́ tí gbogbo ayé sáré gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dún 2020 náà ńkọ́? Olùkọ́ kan náà ni, akẹ́kọ̀ọ́ kan náà ni, ibi tí wọ́n jókòó sí nìkan ló yí padà.

Ìbéèrè kan ló ń ya tòótọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn wọ̀nyí. Ṣé nǹkan kan wà tí akẹ́kọ̀ọ́ ìhín nílò kí iṣẹ́ rẹ̀ tó lè parí, tó jẹ́ pé ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀hún nìkan ló ti lè rí i gbà? Ó dà bí ìgbà tí èèyàn méjì bá jọ gbé ìtì igi ńlá. Bí ọ̀kan bá dúró, èkejì ò lè lọ. Bí ọ̀kan bá jù ú sílẹ̀, èjìká èkejì ló máa kọ́kọ́ mọ̀. Fídíò ń jẹ́ kí wọ́n rí ojú ara wọn, ìyẹn náà sì ṣe pàtàkì. Àmọ́ iṣẹ́ tí wọ́n jọ gbé yẹn gan-an ni pàṣípààrọ̀.

Kòrónà kọ́ ló bí i

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé nǹkan tuntun ni. Lọ́dún 1988, nígbà tí Soviet Union ṣì wà, wọ́n ti so àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan ní New York pọ̀ mọ́ àwọn kan ní Moscow nípasẹ̀ kọ̀ǹpútà kí àwọn ọmọ ìhà méjèèjì lè jọ ṣiṣẹ́. Inú iṣẹ́ yẹn ni àjọ iEARN ti jáde, ó sì ṣì wà dòní. Lọ́dún 1997, àwọn olùkọ́ èdè Faransé ní fásitì MIT, ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n pè ní Cultura. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà àti ti Faransé á dáhùn ìbéèrè kan náà, ẹnì kọ̀ọ̀kan lédè tirẹ̀, wọ́n á to ìdáhùn náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n á sì máa bi ara wọn ìdí tí ìdáhùn fi yàtọ̀. Kò sí fídíò nínú ọ̀pọ̀ jù lọ iṣẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ wọ̀nyí, síbẹ̀ pàṣípààrọ̀ gidi ni wọ́n.

Lẹ́yìn ìkọlù September 11, 2001, ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn. Ní 2003, àjọ Soliya bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Amẹ́ríkà àti láti àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá àti Mùsùlùmí sínú ẹgbẹ́ kéékèèké tí wọ́n ń rí ojú ara wọn lórí fídíò, pẹ̀lú ẹni tí wọ́n ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń darí ìjíròrò nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ní 2006, fásitì ìjọba ìpínlẹ̀ New York, tí wọ́n ń pè ní SUNY, dá ibùdó COIL sílẹ̀. Jon Rubin, olùkọ́ sinimá, ló darí rẹ̀. Láàárín àkókò kan náà, fásitì UNESP ní ìpínlẹ̀ São Paulo ní Brazil gbé Teletandem kalẹ̀: akẹ́kọ̀ọ́ Brazil á fi ìdajì ìpàdé kọ́ ẹnì kejì ní èdè Potogí, ẹnì kejì á fi ìdajì tó kù kọ́ òun náà ní èdè tirẹ̀.

Owó ìjọba wá wọlé. Ètò Stevens Initiative bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2015 ní ìrántí J. Christopher Stevens, aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà tí wọ́n pa ní Benghazi, ní Líbíà, lọ́dún 2012. Wọ́n dá a sílẹ̀ láti so àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà pọ̀ mọ́ àwọn ẹgbẹ́ wọn ní Àárín Gbùngbùn Ìlà Oòrùn àti Àríwá Áfíríkà. Ní 2018, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ Erasmus+ Virtual Exchange lábẹ́ Erasmus+, ètò ẹ̀kọ́ àti pàṣípààrọ̀ rẹ̀, ó sì na ọwọ́ rẹ̀ kọjá Yúróòpù dé àwọn orílẹ̀-èdè gúúsù Òkun Mẹditaréníà.

Nítorí náà, nígbà tí Kòrónà dé, àwọn kan ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí fún ọgbọ̀n ọdún. Àwọn tó kù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ni.

Kí ló dé tí wọn ò kàn ní kí akẹ́kọ̀ọ́ rìnrìn àjò?

Nítorí pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ò ní lọ láé. Fún ọdún 2020, UNESCO ka akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga bíi 235 mílíọ̀nù lágbàáyé, ó sì rí i pé àwọn tó ń kàwé ní orílẹ̀-èdè tí kì í ṣe tiwọn lé díẹ̀ ní 6 mílíọ̀nù. Kò pé ẹni mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó ń tọ́jú òbí, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kó lè rí owó ilé ẹ̀kọ́ san, ẹni tó ní ọmọ lẹ́yìn, ẹni tí ara rẹ̀ ò gbé ìrìn àjò, ẹni tí wọ́n fi físà dù: gbogbo wọn wà nínú àwọn 97 tó kù. Ó máa ń dùn mí tí fásitì bá ń sọ pé òun ń tọ́ àwọn èèyàn tó mọ ayé, tó sì jẹ́ pé ìwọ̀nba àwọn tí owó wà lọ́wọ́ wọn ló ń fi ẹsẹ̀ kan ayé náà.

Báwo ló ṣe ń lọ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká fi kíláàsì nọ́ọ̀sì méjì ṣe àpẹẹrẹ, ọ̀kan ní New York, èkejì ní Tokyo.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù mélòó kan kí akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́ rárá. Àwọn olùkọ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ wá ìbéèrè tó jẹ́ ti kíláàsì àwọn méjèèjì, tí ìdáhùn rẹ̀ ò sì rí bákan náà níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Ká sọ pé wọ́n mú èyí: bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé aláìsàn ní àrùn jẹjẹrẹ, ta ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́?

Ọ̀sẹ̀ kìíní wà fún ìfojúmọra. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan á fi fóònù ká fídíò kékeré nípa ara rẹ̀, á sì fi ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Olùkọ́ tó mọṣẹ́ kì í fi ìpàdé ojúkojú bẹ̀rẹ̀, torí pé ẹni tí kì í ṣe èdè rẹ̀ ni wọ́n ń sọ lè ká ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó fi ránṣẹ́, kò sì sí ẹni tó máa mọ̀. Nígbà tí wọ́n bá wá rí ara wọn lórí fídíò, wọn kì í ṣe àjèjì mọ́.

Lọ́sẹ̀ kejì, ìhà kọ̀ọ̀kan á kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ilé ìwòsàn tiwọn sílẹ̀. Àwọn ti New York á sọ pé aláìsàn ni wọ́n ń sọ fún, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Àwọn ti Tokyo á sọ pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹbí ni àwọn dókítà Japan máa ń kọ́kọ́ sọ fún, kí ẹbí lè pinnu ohun tí aláìsàn máa gbọ́. Láti nǹkan bí ọdún 1990 síwájú ni àṣà náà ti ń yí padà, àmọ́ ẹbí ṣì ní ẹnu nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ibí ni iná ti máa ń ràn. Akẹ́kọ̀ọ́ New York kan lè sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa fún aláìsàn. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti Tokyo lè dákẹ́, torí ó rò pé wọ́n ti bú ìyá òun. Bó bá jẹ́ ìfọ̀rọ̀wérọ̀ lásán ni wọ́n wá ṣe, ibẹ̀ ló máa parí sí, kálukú á sì padà sílé pẹ̀lú èrò burúkú tó gbé wá, á tún fi nǹkan kún un.

Olùkọ́ tó múra sílẹ̀ ti ní ìwé kan lọ́wọ́ fún ọjọ́ yẹn. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1961, wọ́n bi àwọn dókítà ilé ìwòsàn kan ní Chicago léèrè ọ̀rọ̀ yìí kan náà. 90 nínú ọgọ́rùn-ún wọn sọ pé àwọn kì í fẹ́ sọ fún aláìsàn pé jẹjẹrẹ ló ń ṣe é. Nígbà tí àwọn olùwádìí tún bi àwọn dókítà Amẹ́ríkà ní ìbéèrè náà, nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1979, 97 nínú ọgọ́rùn-ún sọ pé àwọn á sọ fún un. Àárín ọdún méjìdínlógún péré ni. Akẹ́kọ̀ọ́ New York tó ń pe àwọn ará Tokyo ní onírọ́ á wá rí i pé àwọn dókítà tó tọ́jú ìyá ìyá òun ń ṣe ohun kan náà, àti pé ohun tí òun rò pé ó wà bẹ́ẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, àná ló bẹ̀rẹ̀. Kò sí bí ẹni tó wà nínú kíláàsì tó kún fún àwọn ará ilé nìkan ṣe máa ní ìdí láti wá ìwé ọdún 1961 yẹn kà. Èèyàn kan lọ́hùn-ún ló jẹ́ kó nílò rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹta àti ìkẹrin ni iṣẹ́ gan-an. Wọ́n á ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ ìlànà ojú ewé méjì fún nọ́ọ̀sì tí aláìsàn láti ìhà kejì bá wọlé tọ̀ wá pẹ̀lú ẹbí rẹ̀: kí ló yẹ kó béèrè, lọ́wọ́ ta ni, kí ni òfin ilé ìwòsàn gbà, kí ni kò gbà. Kò sí ẹni tó lè dá ìwé yẹn kọ. Akẹ́kọ̀ọ́ New York ò mọ bí ẹbí ní Tokyo ṣe ń jókòó yí aláìsàn ká, akẹ́kọ̀ọ́ Tokyo ò sì mọ fọ́ọ̀mù tí aláìsàn máa fọwọ́ sí ní New York. Wọ́n á jà lórí ọ̀rọ̀, wọ́n á pa gbólóhùn rẹ́, wọ́n á tún un kọ. Ìjà lórí gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn máa ń kọ́ wọn ju ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wákàtí mẹ́ta lórí àṣà ilẹ̀ òkèèrè lọ.

Lọ́sẹ̀ karùn-ún, kálukú á dá jókòó, á kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí: kí lo rò tẹ́lẹ̀, kí ló yí padà, kí ni kò tíì yé ọ? Bí àkókò bá ń lọ, èyí ni olùkọ́ kọ́kọ́ máa ń yọ kúrò. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá jókòó ro ohun tó ṣẹlẹ̀ lè jáde kúrò nínú pàṣípààrọ̀ tó dára jù láyé kó má sì kọ́ nǹkan kan nípa ara rẹ̀.

Kí ló dé tí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ nìkan ò fi tó?

Gordon Allport, onímọ̀ nípa ìrònú èèyàn ní fásitì Harvard, ti ronú lórí èyí lọ́dún 1954, nígbà tí ọ̀rọ̀ aláwọ̀ funfun àti aláwọ̀ dúdú gbóná ní Amẹ́ríkà. Ó ní kíkó èèyàn méjì tí ò mọ ara wọn síbì kan ò tó láti pa ẹ̀tanú rẹ́. Ó ka nǹkan mẹ́rin tó yẹ kó wà níbẹ̀: kí wọ́n wà ní ipò kan náà, kí wọ́n ní àfojúsùn kan náà, kí ó jẹ́ pé ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ni wọ́n fi ń lé e bá, kí àwọn aláṣẹ sì wà lẹ́yìn wọn. Ní 2006, Thomas Pettigrew àti Linda Tropp kó ìwádìí tó lé ní 500 jọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n rí i pé ìpàdé lásán náà sábà máa ń dín ẹ̀tanú kù, ṣùgbọ́n ipa rẹ̀ máa ń lágbára sí i níbi tí nǹkan mẹ́rin yẹn bá wà.

Ẹ wo bó ṣe bá pàṣípààrọ̀ lórí fídíò mu. Àfojúsùn àti ìfọwọ́sowọ́pọ̀, inú iṣẹ́ tí wọ́n jọ ń ṣe ló wà. Àwọn aláṣẹ ni àwọn fásitì, tó bá jẹ́ pé wọ́n fún iṣẹ́ náà ní máàkì gidi. Ìkíní, ìyẹn ipò kan náà, ló ṣòro jù.

Ìdí ni pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú àwọn ìpàdé yìí. Ẹni tí wọ́n bí mọ́ èdè náà á máa sáré sọ̀rọ̀, á máa ṣàwàdà, á sì gba ipò olórí ẹgbẹ́ láìsí pé ẹnikẹ́ni yàn án. Ẹnì kejì, tó lè mọ iṣẹ́ jù ú lọ, á di ẹni tó ń mi orí. Àwọn olùkọ́ kan ti rí ọgbọ́n dá sí i. Àwọn kan ń pín àkókò bíi ti Teletandem, ìdajì ní èdè yìí, ìdajì ní èdè yẹn. Àwọn kan ní kí wọ́n kọ èrò sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Àwọn kan ń so kíláàsì méjì pọ̀ tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí fún ìkankan nínú wọn, kí gbogbo wọn lè jọ máa wá ọ̀rọ̀. Mo fẹ́ràn ọ̀nà ìkẹyìn yìí jù, torí pé ẹnikẹ́ni ò ní láti máa tọrọ gáfárà fún ẹnu rẹ̀.

Aago, dátà àti ìdákẹ́

Àwọn nǹkan tó ń ba ìpàdé jẹ́ jù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ńlá.

Nígbà tí ó bá lu aago mẹ́jọ alẹ́ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ní New York nínú oṣù kẹwàá, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Ọjọ́rú ló lù ní Tokyo. Lọ́jọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù kọkànlá, Amẹ́ríkà á dá aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan. Japan kì í yí aago. Bí ẹnikẹ́ni ò bá rántí, ìdajì ẹgbẹ́ máa jókòó fún wákàtí kan láìrí ẹnì kankan. Yúróòpù náà ń yí aago tirẹ̀, àmọ́ kì í ṣe lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú Amẹ́ríkà: nínú oṣù kẹta, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ni wọ́n fi máa ń wà tí wákàtí mẹ́fà tó wà láàárín New York àti Berlin di márùn-ún. Ẹ máa fi aago UTC, ìyẹn aago àjùmọ̀lò àgbáyé tí kì í yí padà, kọ àkókò ìpàdé, ọ̀rọ̀ á dópin. Kàlẹ́ńdà náà ò bára mu. Oṣù kẹrin ni ọdún ẹ̀kọ́ ń bẹ̀rẹ̀ ní Japan, nígbà tí Amẹ́ríkà ti ń múra ìdánwò ìparí sáà. Oṣù kẹwàá àti ìkọkànlá ni àyè tó wà fún àwọn méjèèjì.

Dátà ńkọ́? Ìpè fídíò tí èèyàn púpọ̀ wà lórí rẹ̀ lè jẹ gígábáìtì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní wákàtí kan, ohùn nìkan kì í sì í sábà pé 100 MB. Bí ìhà kan bá ní íntánẹ́ẹ̀tì tó ń sáré, tí èkejì ń ra dátà lápò ara rẹ̀, ipò wọn ò dọ́gba mọ́ nìyẹn. Kí olùkọ́ gbà pé èèyàn lè pa kámẹ́rà, kí iṣẹ́ tó pọ̀ jù sì máa lọ nípa ìwé kíkọ àti ohùn tí wọ́n ká sílẹ̀. Ohun èlò náà gbọ́dọ̀ ṣí níbi méjèèjì. Google Docs, fún àpẹẹrẹ, kì í ṣí ní ilẹ̀ China láìgba ọ̀nà ẹ̀bùrú.

Ìdákẹ́ ló yani lẹ́nu jù. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2009 wo ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ní èdè mẹ́wàá, láti Japan dé Denmark. Wọ́n rí i pé bí ẹnì kan bá béèrè ọ̀rọ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún sẹ́kọ́ǹdì ló ń kọjá kí ẹnì kejì tó dáhùn. Ọpọlọ èèyàn ti mọ ìwọ̀n yẹn lára débi pé bí ìdáhùn bá fi díẹ̀ pẹ́, ẹni tó béèrè á ti máa rò pé inú ń bí ẹnì kejì tàbí pé kò gbà. Íntánẹ́ẹ̀tì tó ń fà máa ń fi ìdajì sẹ́kọ́ǹdì tàbí jù bẹ́ẹ̀ kún un. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì á wá rò pé àwọn ń rí àṣà ara wọn, nígbà tó jẹ́ pé wáyà ni wọ́n ń rí. Sísọ èyí fún wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ti gba ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ lọ́wọ́ ìjà.

Fídíò tún ń mú kó rẹ èèyàn ju bó ṣe yẹ lọ. Jeremy Bailenson ti fásitì Stanford ṣàlàyé ìdí rẹ̀ ní 2021: ojú àwọn èèyàn sún mọ́ni jù lórí ẹ̀rọ, èèyàn ń wo ojú ara rẹ̀ láìdáwọ́ dúró, kò lè dìde rìn, ó sì ní láti ṣe wàhálà kó tó lè fi ìṣesí sọ ohun tí ara ń sọ fúnra rẹ̀ nígbà tí àwọn méjì bá wà pọ̀. Ìpàdé ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta tó.

Ṣé ó lè rọ́pò ìrìn àjò?

Rárá, kò sì yẹ kí fásitì kankan lò ó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gbé ní ilẹ̀ òkèèrè fún oṣù mẹ́ta ti ṣìnà níbẹ̀, ó ti ṣàìsàn níbẹ̀, ó ti ra nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí kò gbọ́ èdè rẹ̀. Kò sí fídíò tó lè fúnni ní ìyẹn. Àwọn méjèèjì lè ran ara wọn lọ́wọ́, ṣá o. Láti 2021, Erasmus+ ní ètò kan tí akẹ́kọ̀ọ́ ti lè kọ́kọ́ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó tó lọ bá wọn fún ọjọ́ márùn-ún sí ọgbọ̀n ọjọ́. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ ti mọ orúkọ àwọn tó máa pàdé, iṣẹ́ sì ti wà nílẹ̀ tó ń dúró dè wọ́n.

Kí ló yẹ kí ẹ béèrè kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀?

Ẹ béèrè bóyá iṣẹ́ kan wà tí àwọn ìhà méjèèjì máa jọ fi sílẹ̀. Bí wọ́n bá ní "wọ́n á kàn máa sọ̀rọ̀ ni," ẹ mọ irú èyí tó jẹ́. Ẹ béèrè bóyá ìhà kejì náà ń gba máàkì fún un. Bó bá jẹ́ dandan fún ìhà kan, tó sì jẹ́ ìfẹ́ inú fún èkejì, èkejì á sá nígbà tí ìdánwò bá sún mọ́lé, àwọn ọmọ yín ni iṣẹ́ á já lé lórí. Ẹ béèrè bóyá wọ́n máa ká ìpàdé náà sílẹ̀ sórí fídíò, ta ló máa rí i, ìgbà wo ni wọ́n máa pa á rẹ́. Kì í ṣe gbogbo ibi ni akẹ́kọ̀ọ́ ti lè sọ èrò rẹ̀ nípa ìjọba tàbí ẹ̀sìn kó sì sùn dáadáa, akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ sì lè jẹ́ ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ ọmọ yín.

Ní ti ìwé ẹ̀rí, ọ̀pọ̀ fásitì máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ìwé kékeré tàbí àmì-ẹ̀yẹ orí íntánẹ́ẹ̀tì pé ó kópa. Kì í ṣe oyè, kò sì sọ ẹnikẹ́ni di akẹ́kọ̀ọ́ fásitì kejì. Máàkì tó ń wọ inú èsì ìdánwò ni èyí tí fásitì tirẹ̀ fún un. Bí ẹnikẹ́ni bá wá ń gba owó pàtàkì lọ́wọ́ yín lórí ìlérí pé ìpè fídíò ọ̀sẹ̀ márùn-ún máa di ìwé ẹ̀rí òkè òkun tàbí físà, ẹ pe ọ́fíìsì fásitì náà fúnra yín kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan.